Ẹyin Méje Lọ́sẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ikùn mi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí èmi tó wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwé abúlé yìí, lọ́nà tó lọ sí Kpankou. Mo tín-ín-rín nígbà náà débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sọ pé tí mo bá dúró ti òpó àsíá, àwọn ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ni kí àwọn kí. Ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ṣì wà nínú àpótí. Bóyá ọwọ́ mi á lè wọ̀ ọ́ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tó fà á, mo máa ń sọ pé ọjọ́ orí ni. Irọ́ ni. Oúnjẹ ọmọ mi ni mo jẹ, nígbà tí ọmọ náà ṣì wà nínú ìyá rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí. Mẹ́tìrì ni gbogbo abúlé ń pè mí, bí a ti ń pe olùkọ́ níbí, títí kan ìyàwó mi àti ìyá tó bí mi. Àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́, ìṣirò ni mo sì mọ̀ jù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, agbẹ̀bí kan máa ń ti Kétu gun alùpùpù wá sọ́dọ̀ wa. Á fi ìwọ̀n ọmọdé kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ilé ìwé, á gbé ìwọ̀n àgbàlagbà sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn aboyún àti àwọn abiyamọ á sì tò síwájú rẹ̀. Ọmọ Fọ̀n ni. Nàgó, èdè tiwa, tó gbọ́ kò ju kó kí ènìyàn kó sì dágbére lọ, nítorí náà Faransé ló ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí pé kí n fi tèmi kún un, ṣùgbọ́n bí agbẹ̀bí bá sọ gbólóhùn kan, mẹ́rin ni mo ń sọ. Òun á ní kí aboyún máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́. Èmi á wú kọ́, màá kọjú sí àwọn ọkùnrin tó fara ti ògiri kíláàsì, màá ní mo rí wọn o, ta ló yọ orí ẹja sínú àwo ara rẹ̀ lánàá? Màá ní ọmọ inú kò ní ọwọ́ tí yóò fi bu òkèlè, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀, ẹnu ìyá rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹ ò lè mọ bí àtẹ́wọ́ yẹn ṣe ń dùn mọ́ mi nínú.

Ọ̀rọ̀ ẹyin ni mo máa ń fi parí. Lágbègbè wa, àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tó bá ti inú ìyá rẹ̀ mọ adùn ẹyin, olè ni yóò yà. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo ayé pé olè mélòó ni wọ́n ti mú rí ní ọjà Kétu tó jẹ́ pé ẹyin ni wọ́n bá lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti sọ mí ní Mẹ́tìrì Ẹlẹ́yin, mo sì gba orúkọ náà bí ìgbà tí wọ́n fi mí joyè.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó mi lóyún. Ọmọ ìlú Adakplamè ni, aránṣọ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oyún kejì nìyí. Ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lóṣù kẹta, lọ́dún tó ṣáájú, àwa méjèèjì kò sì tíì rí ẹnu sọ ọ́ síra wa. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ ìbẹ̀rù mi di òfin. Mo pè é jókòó, mo ní ẹyin kan lójúmọ́, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin ará Nàìjíríà kan lẹ́bàá ọ̀nà, màá ra ẹyin méje, màá gbé e wálé nínú fìlà mi kó má baà fọ́. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rí mi.

Báyìí la ṣe ń jẹun nílé wa. Èmi ń jẹun nínú yàrá iwájú, lórí tábìlì tí mo fi ń yẹ ìwé àwọn ọmọ wò. Ìyàwó mi àti ìyá mi, tó wá dúró tì í nítorí oyún, ń jẹun nílé ìdáná lẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni nílé bàbá tirẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wa tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

Lọ́sàn-án, tí mo bá dé láti ilé ìwé, màá bá ọkà àgbàdo àti ọbẹ̀ lórí tábìlì, àti ẹyin bíbọ̀ kan tí wọ́n là sí méjì, tó tẹ́jú sínú ọbẹ̀ tòmátì. Màá sọ lọ́kàn mi pé, obìnrin yìí mà láájò o, ó ń jẹ tirẹ̀, ó tún rántí mi. Màá sì jẹ ẹ́ tìdùnnú-tìdùnnú. Ẹyin méje ni mo ń rà. Mò ń jẹ ọ̀kan lójúmọ́. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Èmi tí mo máa ń fa ọmọ olọ́mọ létí nítorí pé kò mọ ìyọkúrò!

Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi tú ìdí ṣòkòtò mi kó lè fẹ̀ sí i. Aṣọ tirẹ̀ kò nílò títú. Mo rí i, mo tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ó jọ pé èmi ni mo lóyún. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi eyín já òwú rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí oyún náà wọ oṣù kẹfà, agbẹ̀bí ní kó gun ìwọ̀n. Ó wo ìwọ̀n, ó wo ìwé aboyún rẹ̀, ó tún wo ìwọ̀n. Ó ní kó dùbúlẹ̀ lórí àga gígùn kíláàsì mi, ó na okùn ìwọ̀n lé ikùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì tún un nà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi ní Faransé pé ìyá náà kò fi nǹkan kan kún láti oṣù tó kọjá, ikùn rẹ̀ sì kéré sí iye oṣù rẹ̀. Ọmọ inú kò dàgbà bó ṣe yẹ. Ó ní kí n bi í pé kí ló ń jẹ.

Mo bi í ní Nàgó. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀.

“Ohun tó bá ṣẹ́ kù náà ni mò ń jẹ,” ló dá mi lóhùn.

Àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ń wo ẹnu mi. Ṣé èmi Mẹ́tìrì Ẹlẹ́yin ni kí n la ẹnu túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo kọjú sí agbẹ̀bí, mo sì fi Faransé tó dán gbinrin sọ fún un pé ó ń jẹ ẹyin kan lójúmọ́, ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ń jẹ ẹja, ó sì ń jẹ ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀. Agbẹ̀bí kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó wá ní bó bá jẹ́ pé ó ń jẹ gbogbo èyí tí kò sì hàn lára rẹ̀, a jẹ́ pé àìsàn kan wà níbẹ̀, kí n mú un wá sí Kétu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí mo ṣe fi irọ́ mi sọ ebi di àìsàn nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi ni oyún àkọ́kọ́ yẹn. N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ẹyin ń wọlé, ọmọ kò dàgbà, ẹnì kan ló ń jẹ ẹyin yẹn. Ta sì ni, bí kò ṣe ìyá mi? Ìyá mi wà lára àwọn tó gbà pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Òun ló ń bá ìyàwó mi jẹun. Ó sì fẹ́ràn ẹyin, tàbí kí n sọ pé mo rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí n kò rí i kó jẹ ẹ́ rí.

Nígbà tí mo ra ẹyin ọ̀sẹ̀ náà, mo fi bírò kọ nọ́ńbà sára wọn láti oókan dé eéje, mo sì kó wọn fún ìyàwó mi láìsọ nǹkan kan. Ó wo nọ́ńbà náà, ó wò mí. Bóyá ó rò pé ìwé ti dà mí lórí rú. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí mo jẹun tán, mo mú igi, mo lọ tú ààtàn ẹ̀yìnkùlé wò, èmi olùkọ́, pẹ̀lú bàtà mi tí mo fi pólíìṣì kùn láàárọ̀. Mo rí èèpo oókan. Mo rí èèpo eéjì. Ti ẹẹ́ta ṣì tutù. Ó dájú nígbà náà pé wọ́n ń sè é. Ó wá ku ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Ìyá mi jókòó lábẹ́ òjìji ilé ìdáná, ó ń pa ẹ̀pà. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kó èèpo ẹyin náà lọ́wọ́ bí ọlọ́pàá tó rí ẹ̀rí, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ nípa ọmọ inú. Mo sọ̀rọ̀ nípa àgbà tí kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ọmọ tí a kò tíì bí. Mo sọ ọ́ dáadáa, kí n má parọ́. Ká ní àwọn obìnrin abẹ́ igi máńgòrò wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá pàtẹ́wọ́. Ìyá mi kò dá mi lẹ́kun. Nígbà tí mo parí, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lórí itan rẹ̀.

“Mẹ́tìrì,” ló wí, “ṣé o ti sọ tìẹ tán? Nu irùngbọ̀n rẹ ná.”

Mo fọwọ́ kàn án. Pupa ẹyin ni. Nọ́ńbà kẹta ló gbẹ mọ́ mi nírùngbọ̀n, èèpo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo rántí ìbéèrè tí mo bi gbogbo abúlé nípa olè tí wọ́n bá ẹyin lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí mo ṣe tóbi nígbà náà, ilẹ̀ pàápàá á kọ́kọ́ rò ó.

Ìyá mi ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì pé kó máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó mi bẹ òun pé kí òun má dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní àti pé, kí ni kí òun sọ? Ọmọ mẹ́fà lòun bí fún bàbá mi, òun kò jẹ ẹyin kankan lójú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó wá tú ààtàn wò nítorí tòun. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ó bu ẹ̀pà mìíràn sórí itan, ó ń pa á lọ.

Mo lọ bá ìyàwó mi nídìí máṣíìnì rẹ̀. Ṣòkòtò mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tú ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ ẹyin náà. Ó fa òwú tó ń tú jáde tán ná.

“Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ kó o dé, mo jẹ ọ̀kan,” ló sọ. “Nígbà tí ẹ jókòó sídìí oúnjẹ yín, ẹ fi òkèlè ro inú ọbẹ̀ kiri, ẹ ní, ‘Ẹyin ọ̀hún dà?’”

N kò rántí. Títí di òní n kò rántí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo sọ ọ́, nítorí ohùn mi gan-an ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń gbé imú sókè. Mo ní ó yẹ kó dá mi lóhùn pé òun ti jẹ ẹ́. Ó ní obìnrin wo ló ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti jẹ ẹyin tó ń wá? Mo wá òwe tí màá fi bẹ̀ ẹ́, gbogbo òwe tí mo mọ̀ sá lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, mo ní kó má bínú, mo ní òmùgọ̀ ni mí. Kò ta ko ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sí Kétu, mo sì ní láti túmọ̀ fún agbẹ̀bí lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ọ́ bó ṣe rí, láti orí ẹyin àkọ́kọ́ dé orí irùngbọ̀n. Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí èmi náà gun ìwọ̀n ká rí ibi tí ọmọ náà wà. Mo gùn ún. N kò ní sọ ohun tí mo wọ̀n. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi wò, ẹ̀jẹ̀ náà kò tó, ó sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó ní ohun tó ti lọ ti lọ, oṣù tó kù kì í ṣe kékeré, kí a lọ lò ó dáadáa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé àwo mi lọ sí ilé ìdáná. Àwa mẹ́ta ń jẹun lórí ẹní kan, láti inú abọ́ kan. Ìròyìn kò pẹ́ tàn. Àwọn ọkùnrin abúlé ní obìnrin ti gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́, pé ilé ìdáná ni Mẹ́tìrì ń jókòó sí báyìí. Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n mo rántí pé òde ni èmi ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ tèmi tán, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ má rò pé abọ́ kan ṣoṣo ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó mi á fi ìka rọra ti ẹran sí ọ̀dọ̀ mi. Èmi á tì í padà. Bí mo bá yíjú sí ìyá mi báyìí, ẹran ti padà dé iwájú mi. A ń tì í síwá sẹ́yìn bí ẹni ń ta ayò, ọbẹ̀ á tutù. Ó ní ọwọ́ òun ló ń ṣe é, kì í ṣe òun. Mo gbà á gbọ́, nítorí ẹnu tèmi náà máa ń là fúnra rẹ̀.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ó tètè dé díẹ̀, ó sì kéré. Kílò méjì àti díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e fún mi, ojú nìkan ni mo rí, ojú tó tóbi ju gbogbo ara yòókù lọ. Mo sunkún, mo sọ fún wọn pé ooru ni. Agbẹ̀bí ní kí wọ́n dè é mọ́ àyà ìyá rẹ̀ láìwọ aṣọ, ara kan ara, tọ̀sán-tòru, kó lè máa móoru. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ wẹ̀ tàbí kó fẹ́ na ẹ̀yìn, èmi ni wọ́n ń dè é mọ́. Á dùbúlẹ̀ lórí ikùn mi, á sùn fọnfọn. Agbẹ̀bí ní òun kò rí bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ikùn tí mo fi ẹyin rẹ̀ kọ́, òun náà ló wá sùn lé lórí. Mo máa ń jókòó ṣánṣán, n kì í mira, màá sì máa sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó gba ohun tirẹ̀ padà níbẹ̀ bó bá lè gbà á.

Ó pẹ́ kó tó jókòó. Ó pẹ́ kó tó rá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ti ń sáré lé adìyẹ kiri nígbà tí tiwa ṣì ń di etí àga mú. Gbogbo ọjọ́ ìwọ̀n ni mo máa ń dá èémí dúró títí wọn á fi sàmì sínú ìwé rẹ̀. Ìlà rẹ̀ ń gòkè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ń gbà lọ, létí ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú. Mo bi agbẹ̀bí lọ́jọ́ kan pé ṣé ẹyin wọ̀nyẹn ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ìyá wà níbẹ̀, ibà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn kàn kéré bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ní kí n máa bọ́ ọ, kí n yé ka ẹ̀ṣẹ̀. Ó gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kì í ṣe ẹyin.

Mò ń túmọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò síbẹ̀. Gbólóhùn kan fún gbólóhùn kan ni báyìí. Bí mo bá dé ibi ẹyin, mo máa ń nu irùngbọ̀n mi láìmọ̀, àwọn obìnrin tó mọ ìtàn náà á sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ ta ara wọn.

Ọmọ mi pé ọdún méjì lóṣù tó kọjá. Ó ti ń rìn, ó ti ń sáré, ó ní àwo kékeré tirẹ̀, ẹyin kan lójúmọ́ sì ni tirẹ̀. Èmi ni mo ń bó o, èmi ni mo ń là á sí méjì, èmi ni mo ń dúró tì í títí á fi jẹ ẹ́ tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, gbogbo wa wà lórí ẹní. Mo là á, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó mú ìlàjì kan, ó dìde, ó gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá, ó gba iwájú ìyá mi kọjá, ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹyin náà mú kó má baà bọ́. Ó dúró níwájú mi, ó sì gbé e sún mọ́ mi lẹ́nu.

“Bàbá, jẹ.”

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ojú ló fi rí i, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ìyàwó mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá mi dáwọ́ òkèlè dúró, ó ń wò mí. Mo fẹ́ sọ fún ọmọ mi pé kó jẹ ẹ́, pé tirẹ̀ ni láti ọjọ́ tó ti wà nínú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ, mo ti la ẹnu.